Kọ, Kọ́ àti Kọ̀: Ǹjẹ́ A Ṣì Ń Kọ́ Ọmọ ní Ìkọ̀wé àti Gírámà?

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ níwájú àwọn olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti àwọn òbí

Mo júbà àwọn tó kọ́ wa kí àwa náà tó dẹni tó ń kọ́ni. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti sùn, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ wọn ṣì wà lára wa.

Ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀: igba obì mẹ́ta

Obì ni ìyá mi ń tà. Kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ó mọ ìṣirò. Gbànja ló ń rà lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀, igba-igba ni wọ́n sì ń kà á. Nígbà tí mo dé kíláàsì kẹrin, tí ọwọ́ mi ti mọ bí a ṣe ń so lẹ́tà pọ̀, ó ra ìwé ìkọ̀wé kan, ó fi lé mi lọ́wọ́. Láti ọjọ́ náà ni mo ti di akọ̀wé rẹ̀. Bó bá ti ń pè é ni mo ń kọ ọ́. Mo ń so lẹ́tà mọ́ lẹ́tà bí ẹni tó ń hun ẹní, bí àwọn àlejò bá sì ti wo ìwé náà, wọn a ní, "Ọmọ yìí mọ̀wé o!"

Lọ́jọ́ kan, obìnrin oníbàárà kan wá san gbèsè. Ó ní igbá obì mẹ́ta ni òun gbà láwìn, igbá kékeré tí wọ́n fi ń pàtẹ. Ìyá mi ní rárá, igba obì mẹ́ta ni, ẹgbẹ̀ta obì gbáko. Wọ́n ní kí n gbé ìwé jáde. Mo gbé e jáde, mo kà á. Ohun tí mo kọ rèé: "Igba obi meta." Kò sí àmì kankan lórí rẹ̀. Bí oníbàárà ṣe kà á tọ̀nà, bí ìyá mi ṣe kà á tọ̀nà. Ìwé tó yẹ kó parí ìjà ti bá oníjà méjèèjì gbè.

Ìyá mi wọ yàrá lọ, ó ní kí obìnrin náà tẹ̀ lé òun. Ó fi ara ògiri hàn án, níbi tí òun fúnra rẹ̀ ti ń fi èédú ṣàmì ọjà. Ìlà èédú gígùn kan dúró fún igba kan, òbìrí kan dúró fún igbá kan. Ìlà gígùn mẹ́ta ló wà lábẹ́ àmì tó fi mọ obìnrin náà. Ìyẹn wò ó, ó ronú, ó rántí, ó sì san owó rẹ̀ pé. Kì í ṣe èké, ìgbàgbé ló ṣe é.

Ìwé mi rẹwà. Èédú ìyá mi kò rẹwà. Ṣùgbọ́n èédú sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ìwé mi kò lè sọ ọ́. Ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n, ìdí nìyẹn tí mo fi gbé ọ̀rọ̀ yìí wá síwájú yín. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò pọ̀: iṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni láti fún ọmọ ní ọwọ́ tó lè kọ ohun tí ẹnu sọ, kí ẹni tí kò sí níbẹ̀ lè kà á bí ẹnu ṣe sọ ọ́. Ọwọ́ ni ìkọ̀wé, òtítọ́ inú rẹ̀ ni gírámà. Bí a bá kọ́ ọmọ ní ọ̀kan tí a fi èkejì sílẹ̀, akọ̀wé bí èmi ọjọ́ náà la óò máa kọ́ jáde.

Kọ, kọ́ àti kọ̀

Àwa Yorùbá ń kọ ilà sójú ọmọ. À ń kọ ebè lóko. À ń kọ ìwé. Ọ̀rọ̀ ìṣe kan náà ni a ń lò fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, nítorí pé nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọwọ́ ló di irinṣẹ́ mú, tí ojú àmì sì kù sílẹ̀ lẹ́yìn tí ọwọ́ kúrò. Bí a bá gbé ohùn sókè, ó di kọ́: à ń kọ́ ẹ̀kọ́, à ń kọ́lé. Bí a bá rẹ ohùn sílẹ̀, ó di kọ̀. Ọmọ tó bá kọ̀ láti kọ́ ọ, kò ní í lè kọ ọ́. Ẹ mú àmì orí gbólóhùn yẹn kúrò, kí ẹ wá wo ohun tó kù.

Gírámà ńkọ́? Lẹ́nu wa, ọ̀rọ̀ yìí ti kúrò ní àyè rẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ gírámà ni a ń pe èyí tí ọmọ ń lọ lẹ́yìn alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, láti ayé àwọn ilé ẹ̀kọ́ bíi CMS Grammar School tó ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1859. Bí ẹnì kan bá sì ń da Gẹ̀ẹ́sì líle bolẹ̀, a ó ní, "Má sọ gírámà fún mi jàre!" Bẹ́ẹ̀ ni gírámà ṣe di ẹrù òyìnbó lójú wa, tí ọ̀pọ̀ òbí fi gbà pé Yorùbá kò ní in, pé ẹnu lásán ni a fi ń sọ ọ́.

Ẹ jẹ́ ká wò ó. Ẹ rán ọmọ lọ sọ́jà, ó fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù yín pé: "Ko san an." Ṣé "Kò san án" ni, àbí "Kó san án"? Ọ̀kan ń ròyìn gbèsè, èkejì ń pàṣẹ kí wọ́n san gbèsè. Ó tún kọ ọ́ pé: "O ti gba owo naa." Ṣé ìwọ lo gbà á, àbí òun ló gbà á? Ohùn orí lẹ́tà kan ṣoṣo ló ya "o" sọ́tọ̀ kúrò lára "ó", òun náà ló ya "kò" sọ́tọ̀ kúrò lára "kó". Ẹni tó ṣe nǹkan, ẹni tí kò ṣe é, ẹni tó yẹ kó ṣe é: bí èyí kì í bá ṣe gírámà, kí ló tún ń jẹ́ gírámà? Nínú èdè wa, àmì ohùn kì í ṣe yẹtí tí a fi kọ́ etí ọ̀rọ̀ kó lè dára. Etí ọ̀rọ̀ gan-an ni.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nílẹ̀ òkèèrè

Kì í ṣe àwa nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí dé bá. Ní Amẹ́ríkà, ìlànà ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń pè ní Common Core jáde ní ọdún 2010, ìpínlẹ̀ tó gbà á sì lé ní 40. Ìlànà náà fi gírámà sílẹ̀ sáyè rẹ̀, ó sì dárúkọ títẹ ọ̀rọ̀ sórí kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n kò dárúkọ ìkọ̀wé alásopọ̀, èyí tí a ti ń so lẹ́tà mọ́ lẹ́tà. Ẹ̀yin olùkọ́ mọ ohun tó máa ń tẹ̀ lé irú èyí. Ohun tí ìlànà kò bá béèrè, tí ìdánwò kò sì bá béèrè, kì í pẹ́ tó fi ń kúrò nínú àkókò iṣẹ́. Ní ilé ẹ̀kọ́ púpọ̀, ó kúrò lóòótọ́.

Ní ọdún 2022, Drew Gilpin Faust, ọ̀pìtàn tó ti jẹ́ ààrẹ Yunifásítì Harvard, kọ nípa ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú kíláàsì rẹ̀. Ìtàn ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà ni wọ́n ń kà. Nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà ni kò lè ka ìkọ̀wé alásopọ̀. Ẹ rò ó wò: àwọn tó ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa ogun kan kò lè ka lẹ́tà tí àwọn ọmọ ogun náà kọ sílé. Ilé tí ìjọba Amẹ́ríkà ń kó ìwé ìtàn pamọ́ sí ti ń wá àwọn tó máa yọ̀ǹda ara wọn láti tú ìwé àfọwọ́kọ àtijọ́ sí lẹ́tà tí kọ̀ǹpútà lè wá kiri. Ohun tí gbogbo ọmọ kíláàsì kẹta ń ṣe nígbà kan ti di iṣẹ́ àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe.

Wọ́n ti ń padà sẹ́yìn báyìí. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2023, gómìnà California fọwọ́ sí òfin pé kí wọ́n kọ́ àwọn ọmọ ní ìkọ̀wé alásopọ̀ láti kíláàsì kìíní dé ìkẹfà. Òfin náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kìíní ọdún 2024, àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn náà sì ti ṣe irú rẹ̀. Finland ńkọ́, orílẹ̀-èdè tí gbogbo ayé ń yìn nítorí ẹ̀kọ́? Lóòótọ́, láti ọdún 2016, wọn kò fi ìkọ̀wé alásopọ̀ ṣe dandan mọ́. Àwọn kan ń pariwo pé Finland ti pa ìkọ̀wé tì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ṣì ń kọ́ ọmọ bí a ṣe ń fi ọwọ́ kọ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Síso wọn pọ̀ ni kò pọn dandan mọ́.

Ní ti gírámà, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni kí a yà sí. Láti ọdún 2013 ni àwọn ọmọ tó ń parí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ti ń ṣe ìdánwò gírámà àti àkọtọ́ lọ́tọ̀. Ẹ̀kọ́ gírámà wá pọ̀, orúkọ orísirísi ẹ̀yà gbólóhùn sì kún ẹnu ọmọdé. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn onímọ̀ láti University College London (UCL) àti Yunifásítì York fi ẹ̀kọ́ gírámà kan dán àwọn ọmọ ọdún mẹ́fà sí méje wò, tí wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2022, wọn kò rí ẹ̀rí pé ìtàn tí àwọn ọmọ náà kọ dára ju ti àwọn ẹgbẹ́ wọn tí a kò kọ́ ní ẹ̀kọ́ náà lọ.

Èmi tí mo ń gbèjà gírámà kò ní í fi èyí pamọ́ fún yín. Bí gírámà bá jẹ́ kí ọmọ máa ka orúkọ lórí ahọ́n, "ọ̀rọ̀ orúkọ, ọ̀rọ̀ ìṣe, ọ̀rọ̀ àpèjúwe," bí ẹni ń ka ìṣirò àkàsórí, kò ní í sọ ọ́ di akọ̀wé. Gírámà tó ń ṣiṣẹ́ ni èyí tí ọmọ bá pàdé nínú gbólóhùn tí òun fúnra rẹ̀ fẹ́ sọ, ní ọjọ́ tó rí i pé bí òun kò bá fi àmì sí i, ẹlòmíràn yóò kà á sí nǹkan mìíràn. Ọjọ́ igba obì mẹ́ta ni mo kọ́ gírámà tèmi.

Iṣẹ́ tí ọwọ́ ń ṣe fún ojú

Àwọn kan yóò ní, "Bó bá ṣe pé ká lè kà á ni, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù." Ẹ gbọ́ ohun tí àwọn onímọ̀ rí. Ní Yunifásítì Indiana, Karin James àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó àwọn ọmọ tí kò tíì mọ̀wé kà jọ. Wọ́n ní kí wọ́n fi ọwọ́ kọ àwọn lẹ́tà kan, kí wọ́n tẹ àwọn kan. Lẹ́yìn náà wọ́n fi ẹ̀rọ wo ọpọlọ wọn bí wọ́n ti ń wo lẹ́tà wọ̀nyẹn. Lẹ́tà tí ọmọ fi ọwọ́ kọ ló jí ibi tí àgbàlagbà fi ń kàwé nínú ọpọlọ. Èyí tó tẹ̀ kò jí i bẹ́ẹ̀. Ní Norway náà, Audrey van der Meer àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wo ọpọlọ akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì 36, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2024. Bí wọ́n bá ń fi ọwọ́ kọ̀wé, ibi púpọ̀ nínú ọpọlọ ló ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ ju ìgbà tí wọ́n ń tẹ ọ̀rọ̀ lọ. Kálàmù orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n lò, kì í ṣe bírò àti bébà. Ìyẹn ni pé ẹ̀rọ kì í ṣe ọ̀tá. Àǹfààní náà wà nínú pé ọwọ́ ya lẹ́tà náà, kò kàn tẹ bọ́tìnì.

Ẹ wá fi èyí sórí Yorùbá. Ọmọ tó bá fi ọwọ́ ya ìlà tó ń gòkè sórí "á", tó ya èyí tó ń sọ̀ sórí "à", ọwọ́ rẹ̀ ti gòkè, ó ti sọ̀, bí ohùn ṣe gòkè tó sì sọ̀. Àmì wa àti ohùn wa jọ ń rìn ni. Lónìí, kíbọ́ọ̀dù Google wà tó ní Yorùbá, àmì ohùn kò sì nira láti rí lórí fóònù mọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò kọ́ ọ rí kò ní í mọ èyí tí yóò tẹ̀.

Nílé tiwa

A kò bẹ̀rẹ̀ lónìí. Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn tí wọ́n kó lẹ́rú ní ọdún 1821, tẹ ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní ọdún 1843 pẹ̀lú àlàyé gírámà èdè náà. Ìwé gírámà rẹ̀ tún jáde ní ọdún 1852. Ní ọdún 1859, ìwé ìròyìn Yorùbá tí wọ́n ń pè ní Ìwé Ìròyìn bẹ̀rẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Ní ọdún 1875, wọ́n pé jọ ní Èkó lórí bí ó ṣe yẹ kí a máa kọ Yorùbá sílẹ̀. Ẹ kíyè sí i: orílẹ̀-èdè tí a ń pè ní Nàìjíríà kò tíì sí nígbà tí àwọn baba wa ti ń jiyàn lórí àkọtọ́.

Ní tọdún 1974, àkọtọ́ tí a ń lò lónìí fìdí múlẹ̀. "Aiye" di "ayé", "enia" di "ènìyàn", "yio" di "yóò". Iṣẹ́ àwọn onímọ̀ bíi Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé wà nídìí rẹ̀. Ṣáájú ìgbà náà, ìwé Aláwìíyé tí J. F. Ọdúnjọ kọ ti wọ ilé tó pọ̀, pàápàá lẹ́yìn tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ní oṣù Kìíní ọdún 1955. Láti ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ifẹ̀ fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, tí a sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan. Àwọn ọmọ náà ṣe dáadáa ju ẹgbẹ́ wọn lọ, Gẹ̀ẹ́sì pàápàá kò bàjẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Ní ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí èdè abínibí jẹ́ èdè ìkọ́ni fún ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, ìjọba kéde pé òun ti fagi lé e, pé Gẹ̀ẹ́sì ni kí wọ́n máa fi kọ́ni. Ó dùn mí, mi ò ní í purọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí ìkéde náà túmọ̀ sí fún wa nínú yàrá yìí ni pé àkókò Yorùbá tó kù lórí àtẹ iṣẹ́ ti di wúrà. A kò gbọdọ̀ fi ṣòfò.

Ṣé a ń fi ṣòfò? Láìpẹ́ yìí, mo wọ kíláàsì karùn-ún kan. Ìkọ̀wé alásopọ̀ àwọn ọmọ náà ní Gẹ̀ẹ́sì ń dán bí awẹ́ obì. Mo ní kí oníkálukú kọ orúkọ rẹ̀ ní Yorùbá, kó fi àmì sí i pé. Àwọn tó kọ ọ́ pé kò ju iye ìka ọwọ́ kan lọ. Ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Òjó kọ "Ojo". Mo bi í pé, "Ṣé òjò tó ń rọ̀ ni, àbí ojo tó ń sá fún ìjà?" Ọmọ náà wo ìwé rẹ̀, ó wo ojú mi, kò sì mọ ohun tí yóò ṣe sí i. Ọdún karùn-ún rẹ̀ nílé ẹ̀kọ́ nìyẹn, kò sì tíì mọ orúkọ ara rẹ̀ kọ. Mi ò bá a wí. Àwa àgbà ni mo bá wí nínú ọkàn mi.

Ohun tí mo gbọ́dọ̀ gbà, àti ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún

Ẹ̀yin olùkọ́ ní àròyé, àròyé náà sì tọ́. Ọmọ pọ̀ jù nínú kíláàsì. Iṣẹ́ pọ̀ lórí àtẹ. Láti ọdún 2015, orí kọ̀ǹpútà nìkan ni ìdánwò JAMB wà, òbí sì ń bi yín pé kí ni ọmọ òun fẹ́ fi ìkọ̀wé ṣe. Mo tún gbà pé bí wọ́n ṣe kọ́ wa láyé àtijọ́ kò dára tán. Wọ́n na ọmọ nítorí pé lẹ́tà rẹ̀ wọ́. Wọ́n so ọwọ́ òsì ọmọ tí a bí ní ọlọ́wọ́ òsì. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ dá ìkọ̀wé padà pẹ̀lú pàṣán, mi ò bá a lọ. Ọmọ tó ń bẹ̀rù bírò kò ní í fi í sọ òtítọ́.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún kò gba owó.

Èkíní, kí orúkọ ọmọ jẹ́ ẹ̀kọ́ gírámà rẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹ jẹ́ kó fi dò, re, mí pè é, kó fi ọwọ́ ya ohùn náà sójú afẹ́fẹ́, kó tó fi pẹ́ńsùlù kọ ọ́. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ kò gbọdọ̀ kọjá kí gbogbo kíláàsì tó lè kọ orúkọ wọn pé.

Èkejì, ẹ fún ọwọ́ ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá lójúmọ́ ní kíláàsì kìíní dé ìkẹta. Kí lẹ́tà dúró ṣánṣán, kó ṣe é kà. Síso lẹ́tà pọ̀ lè dúró di kíláàsì kẹrin. Ẹ má jẹ́ kó bọ́ pátápátá, nítorí ìwé tó wà nínú àpótí àwọn bàbá wa, lẹ́tà alásopọ̀ ni. Ìwé ìrántí ojoojúmọ́ tí Akínpẹ̀lú Ọbíṣẹ̀san ti Ìbàdàn fi ọwọ́ kọ wà ní ilé ìkàwé Kenneth Dike ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ta ni yóò kà á bí àwọn ọmọ wa kò bá lè kà á?

Ẹ̀kẹta, ẹ dá àpèkọ padà. Ọ̀rọ̀ márùn-ún péré lójúmọ́: igba, igbá, ìgbà, ìgbá, igbà. Kí olùkọ́ pè é, kí ọmọ kọ ọ́, kí ọmọ fúnra rẹ̀ sì kà á padà kó gbọ́ bóyá ohun tí òun kọ ni olùkọ́ sọ.

Ẹ̀kẹrin, ẹ fi gírámà sínú gbólóhùn. Ẹ kọ "Ó san án" sójú pátákó. Ẹ pa àmì orí "Ó" rẹ́, kí ẹ bi wọ́n pé, "Ta ló san án báyìí?" Ọmọ tó bá rí i pé owó ti kúrò lọ́wọ́ ẹnì kan bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn nítorí ìlà kékeré kan kò ní í gbàgbé ẹ̀kọ́ náà láéláé.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ rán ọmọ lọ sílé lọ kọ ohun tí àgbà sọ: oríkì ilé wọn, iye tí ìyá rẹ̀ tà lọ́jà, bí bàbá àgbà ṣe dé ìlú. Kó kọ ọ́, kó kà á fún ẹni tó sọ ọ́, kí ẹni náà sì sọ bóyá bẹ́ẹ̀ ni òun wí. Ìyá tí kò mọ̀wé pàápàá lè máàkì irú iṣẹ́ yẹn.

Àgbálọgbábọ̀

Ìbéèrè tí a fi pe àkọlé ni pé, ǹjẹ́ a ṣì ń kọ́ ọmọ ní ìkọ̀wé àti gírámà? Ìdáhùn mi ni pé à ń kọ́ wọn ní ìkọ̀wé láti fi ṣe ẹ̀ṣọ́, à ń kọ́ wọn ní gírámà láti fi yege ìdánwò. Èmi fẹ́ kí a kọ́ wọn ní méjèèjì láti fi ṣe ẹlẹ́rìí. Ìyá mi kò gbé ìwé lé mi lọ́wọ́ kí àwọn àlejò lè yìn mí. Ó fẹ́ kí ọ̀rọ̀ òun wà nílẹ̀ ní ọjọ́ tí òun kò bá sí níbẹ̀ láti sọ ọ́.

Nítorí náà, bí ẹ bá délé ní alẹ́ òní, ẹ fún ọmọ yín ní bírò. Ẹ ní kó kọ orúkọ ìyá yín àgbà. Kí ẹ wá ka ohun tó kọ sókè, gẹ́gẹ́ bí ó ṣe kọ ọ́ gan-an, láìfi ohùn tiyín tún un ṣe. Bó bá jẹ́ pé ìyá yín àgbà ni ẹ gbọ́ tí ẹ pè, ẹ lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ olùkọ́ rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ẹlòmíràn ni ẹ pè, ẹ jókòó ti ọmọ náà, kí ẹ jọ kọ ọ́ títí yóò fi jẹ́ orúkọ rẹ̀.